Òṣó Ni Màá Ló: Bí A Ṣe Ń Gba Agbára Wa Padà Lẹ́yìn Àdánù

Aago mẹ́rin ìdájí ni fóònù mi dún. Ẹni tó pè mí kò kí mi. Ó kàn ní, "Ìyá Aláṣọ, ẹ máa bọ̀ o, iná ti mú ọ̀dọ̀ yín." Kí n tó dé ibẹ̀, òrùlé ti wọlẹ̀. Àǹkárá, léèsì, aṣọ òkè tí mo gbà láwìn tí n kò tíì san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di eérú. Ohun tí mo rí mú jáde kò ju ọ̀pá ìwọnṣọ onírin kan lọ. Ìwé gbèsè mi, tí mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ mí lówó sí, wà nínú àpótí tó jóná.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ogún èèyàn ló sọ fún mi pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọba, owó tí ọba fi ń tún ààfin kọ́ kò sì sí lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan tiẹ̀ wà tó fi oríkì wa dápàárá. Ó ní, "Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Tìrẹ yìí, iná ló fẹ́ mú ẹ roko!" Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹrin rèé tí eyín mi ti rí ìta gbẹ̀yìn. Títí dòní, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn ju lọ́wọ́ àwọn tó ń pòwe lọ.

Ó ti di ọdún keje báyìí. Ohun tí mo ń kọ síbí ni bí mo ṣe ṣe é, kí ẹni tí iná, ikú, ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn lè mú èyí tó bá a mu níbẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ wo inú ara yín, pé ibẹ̀ ni agbára wà. Mo wo inú tèmi, kò sí nǹkan níbẹ̀. Nígbà tó yá ni mo rí i pé agbára èèyàn dà bí ọjà tí a tà láwìn. Ó wà, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà: díẹ̀ lọ́wọ́ ara, díẹ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́, díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ máa dìde lọ gbà á ni.

Àwa Ìjẹ̀ṣà kúkú ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní 1870 ni ogun Ìbàdàn kó Iléṣà. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ògèdèǹgbé wa wà lára àwọn tó ṣíwájú Èkìtìparapọ̀, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó. Ìlú tí ogun ti kó bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti jáde, tí wọ́n ń di aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi." Ibẹ̀ ni orúkọ òṣómàáló ti wá. Bàbá tó bí bàbá mi ṣe é. Wọ́n ní kò bú ẹnikẹ́ni rí, kò sì dìde rí láìgba nǹkan, bó jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ jẹun, ẹ wẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan

Iṣẹ́ mẹ́ta péré lẹ ní lọ́sẹ̀ yìí: kí ẹ jẹun ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ wẹ̀, kí ẹ sì sùn síbi tí ẹlòmíràn wà. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀kọ náà tó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi lálaalẹ́. Kò tù mí nínú, kò gbàdúrà lé mi lórí. Ó máa jókòó títí n ó fi mu ún tán, ó máa gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ó máa ní, "Ó dàárọ̀, Àǹtí mi." Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń ka èyí torí ẹlòmíràn tí nǹkan ṣe, tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ lè sọ fún un, ẹ gbé ẹ̀kọ lọ.

Bí ẹkún bá wá, ẹ sun ún. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ ta nǹkan, kí ẹ yá owó, tàbí kí ẹ fọwọ́ sí ìwé. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnì kan wá bá mi pé òun fẹ́ ra ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lọ́nà Ìbòkun. Iye tó pè é kò tó ìdajì owó rẹ̀. Mo ní kó padà wá lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Kò padà wá.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìbéèrè kan: "Ta ló ṣe é?" Wòlíì kan ní ọkùnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni. Iná tó jó tèmi sì jó ọjà tirẹ̀ náà dé ìdajì! Oníṣẹ́ iná tó wá wo ibẹ̀ fi igi tọ́ka sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: wáyà tí èmi fúnra mi ní kí ọmọ kan bá mi so pọ̀, torí n kò fẹ́ sanwó fún ẹni tó mọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju iná lọ. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ ọkùnrin oníbàtà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, wáyà ni mo lè ṣe nǹkan sí. Bó bá jẹ́ àjẹ́ ni, kí ni n bá ṣe? N bá ṣì wà lórí òkè àdúrà títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, láìtíì ra wáyà tuntun. Àdúrà dáa, èmi náà ń gbà á. Mo ń sọ ti wíwá ọ̀tá kiri ni, ó máa ń jẹ ọjọ́ èèyàn tán.

Ẹ ra ìwé, ẹ pín in sí mẹ́ta

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ra ìwé ọmọ iléèwé lásán. Ẹ kọ àkọlé mẹ́ta: Ohun Tó Lọ, Ohun Tó Kù, Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Èèyàn.

Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń yá láti kọ, òun náà ló sì máa ń dunni jù. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pátápátá, ẹ má fi nǹkan pamọ́, lẹ́yìn náà ẹ ṣí ojú ewé. Bó bá jẹ́ èèyàn lẹ pàdánù, ẹ kọ àwọn iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ilé yín: ta ló ń san owó iléèwé, ta ló ń jí yín láàárọ̀, ta ló ń gbọ́ ẹjọ́ yín lálẹ́? Ikú ẹnì kan ni wọ́n ń kí yín fún, àmọ́ bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ mẹ́fà tàbí méje ló ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ̀ yín.

Ní Ohun Tó Kù, ẹ má rò pé kò sí nǹkan. Mo kọ́kọ́ kọ "ọ̀pá ìwọnṣọ". Mo wò ó, ojú tì mí. Mo tún kọ "ojú tó mọ aṣọ", nítorí pé bí mo bá fọwọ́ kan àǹkárá báyìí, mo lè sọ fún yín bóyá yóò ṣí tàbí kò ní í ṣí. Mo kọ "ẹnu", torí mo mọ bí a ti ń tajà. Mo kọ "ẹsẹ̀ méjèèjì". Nígbà tí mo fi máa dúró, ó ti di mọ́kànlá.

Ìkẹta ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ lórí ẹ̀. Ìwé gbèsè mi ti jóná, mi ò sì lè rántí orúkọ bí mo bá kàn jókòó máa ronú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí fi òde rántí wọn. Àǹkárá aláwọ̀ ewé, ìsìnkú ìyá àwọn wo la fi ṣe? Àwọn wo ló gbà á láwìn? Léèsì aláwọ̀ ọsàn, ìgbéyàwó ọmọ ta ni? Mo mú àwo fọ́tò àwọn òde tí mo lọ, mo ń wo aṣọ lọ́rùn èèyàn, mo ń ka owó mi. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo ti ń ṣe é. Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo rí kó jọ láàárín ọjọ́ méjì. Mo tún fi àwọn tí kì í ṣe owó ni wọ́n jẹ mí kún un: ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ rí, ẹni tí mo dúró tì nígbà tó bímọ, ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbé lọ́dọ̀ mi fún ọdún méjì. Ẹ kọ irú wọn náà sílẹ̀. Oore tí ẹ ti ṣe kì í ṣe ohun tí à ń fi ń halẹ̀ mọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ lè lọ kan ilẹ̀kùn níbẹ̀.

(Kí n tó gbàgbé: lóṣooṣù ni mo ń fi fóònù ya fọ́tò ìwé gbèsè mi báyìí, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá sì ń ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ pa iná láti ibi tó ti ń wọlé.)

Ẹ lọ lóṣòó

Ọrún-ọrún, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ni àwọn àgbà ń ná ọjà, ó wá bá mi lára mu láti máa fi ọrún ka ọjọ́. Ní ọrún kọ̀ọ̀kan, mo ń lọ bá èèyàn mẹ́ta, n kì í kọjá mẹ́ta. Mo jókòó, mo kí wọn, mo béèrè àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Iná mú mi. Mo wá nítorí owó aṣọ yẹn. Ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ yín, mo fẹ́ mú un lọ lónìí." Mo dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ni iṣẹ́ gan-an. Bí ẹ bá tún sọ̀rọ̀, ẹ ó bá wọn wá àwáwí.

Ọ̀pọ̀ wọn ló san díẹ̀díẹ̀. Obìnrin kan ní àgbègbè Bọlọ́rundúró wò mí, ó ní, "Ṣebí ìwé ti jóná, kí lẹ fẹ́ fi hàn mí?" Ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Aṣọ náà wà lára okùn níwájú ilé rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. N kò tọ́ka sí i. Mo kàn gbé ìjókòó kékeré kan tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ okùn aṣọ náà, mo jókòó. Ó tó wákàtí kan àtààbọ̀. Òun ló wọlé lọ mú ẹgbẹ̀rún méjì jáde. Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún méjì yẹn ló mú mi tún máa rìn bí èèyàn lọ́jọ́ náà. Ohun tó mú mi rìn ni pé mo jókòó, n kò sì sá.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, àwọn tí ẹ máa lọ bá lọ́rún kọ̀ọ̀kan ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ yín. Mẹ́ta náà ni. Ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ má sọ ìtàn bí wọ́n ṣe lé yín. Ìtàn yẹn, ẹ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́.

Ẹ lóṣòó ti ara yín náà

Ara wa ni onígbèsè tó le jù. Ẹ mú ohun kékeré kan tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọrún yìí, kí ó kéré débi pé ojú á tì yín láti kọ̀. Ti ọrún àkọ́kọ́ mi ni kí n fẹsẹ̀ rìn dé Ọjà Atákúnmọ́sà kí n sì padà, láìra nǹkan kan. Ti ìkejì, kí n tẹ́ tábìlì sí iwájú ilé pẹ̀lú aṣọ yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà márùn-ún tí ọ̀rẹ́ mi kan gbé fún mi pé kí n bá òun tà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ara bá kọ̀ lọ́rún kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé "ó kọ̀", ẹ padà lọ ní ọrún tó ń bọ̀. Ẹ má bú u. Òṣómàáló tó bá bú oníbàárà, ta ni yóò tún ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tó pẹ́ jù kí n tó gbà á lọ́wọ́ ara mi ni èéfín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí okùn, á sá. Bí aládùúgbò bá ń sun iṣu, àyà mi á máa lù kìkì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn: mo jókòó síbi tí mo ti lè rí èéfín náà ṣùgbọ́n tí n kò gbóòórùn rẹ̀, mo ń mí sínú jẹ́ẹ́, mo ń mí síta kó pẹ́ ju ti inú lọ, títí àyà mi á fi rọlẹ̀. Ní ọrún kejì, mo sún mọ́ ọn díẹ̀. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́rin kí n tó lè sun iṣu fúnra mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín léré.

Ọ̀rọ̀ owó

Inú ọ̀fọ̀ ni ṣógúndogójì máa ń rí èèyàn mú. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù náà wà níbẹ̀, tí wọ́n á fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù yín bí ẹ bá pẹ́ sanwó. Kí ẹ tó gbà á, ẹ jókòó ṣírò rẹ̀. Ká ní wọ́n yá yín ní ₦100,000 fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ní èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10,000 lóṣù. Ó dà bíi pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ₦160,000 lẹ ó san. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí ojú owó tó kù lọ́rùn yín kò ju nǹkan bíi ₦16,700 lọ, ₦10,000 yẹn náà ni wọ́n á ṣì gbà.

Àjọ dáa jù ú lọ, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà dáa jù ú lọ. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ẹnì kan ń kó ₦50,000 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sí èlé ńbẹ̀. Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ mi kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó. Wọ́n gbà. Owó yẹn ni mo fi ra ọjà tèmi àkọ́kọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo sì gbé fún oníbàtà.

Bí ara bá kọ̀ pátápátá

Gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí, ẹni tó bá lè dìde ló wà fún. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí oorun kò wá tàbí tí ẹ kàn ń sùn ṣáá, tí oúnjẹ kò lọ, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Àìsàn ni, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní Iléṣà níbí, Wesley Guild wà, tó jẹ́ ara ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀, ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìlera ọpọlọ wà. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba fún dókítà pé, "Oorun kò wá, ayé sú mi." Ẹ má sọ pé ibà ni.

Bí ọkàn bá ń sọ fún yín pé kí ẹ kúkú kú, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹnì kan bá yín lọ, kí wọ́n sì kó oògùn kòkòrò àti ohun tó lè pani kúrò nílé.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ "wèrè" dẹ́rù bà yín. Òfin àtijọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí fi ń ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ láti 1958, wọ́n ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ìtọ́jú tí kì í ya èèyàn sọ́tọ̀ nípá sì ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 1954 ni Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, l'Ábẹ́òkúta: aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí rẹ̀ kan wà pẹ̀lú rẹ̀, ó ń lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, ó ń padà sílé lálẹ́. Wọ́n mọ̀ nígbà náà pé ẹni tó bá jókòó tini wà lára oògùn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ nípa Arò rí, ẹ̀kọ ló gbé wá.

Ibi tí mo dé

Ṣọ́ọ̀bù tuntun mi kò tó ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá ìwọnṣọ onírin náà wà lórí tábìlì, ó dúdú lápá kan, n kò nù ún. Oníbàtà ti ń kí mi padà, kò tíì máa bá mi ṣeré bíi tàtijọ́. Nínú àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélógún ti san tán, ẹnì kan kú, mo sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Mẹ́fà kù. Ti Bọlọ́rundúró ṣì wà lára wọn, ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àtààbọ̀. Ọ̀túnla ni ọrún. Ó ti mọ ibi tí ìjókòó mi máa ń wà.